Ọ̀wẹ̀ ni kí ó ṣáájú aṣọ ọdún

Ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, òjò àrọ̀kúrò ni ó ń sọ fún ènìyàn pé ọdún ti ń lọ sópin. Òjò yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, yóò rọ̀ títí wọ oṣù kọkànlá, lẹ́yìn náà yóò fà sẹ́yìn. Àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì yóò gbẹ lórí ìdúró. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dúdú, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ nígbà òjò, ilẹ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ọyẹ́ yóò dé láti ìhà àríwá. Àsìkò yìí ni baálé ilé máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò owó nínú ọkàn rẹ̀: aṣọ àwọn ọmọ, ìrẹsì, adìyẹ, owó ọkọ̀, owó tí wọn yóò dá ní ìjọ.

Ẹ wo irú ìdílé kan tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí Ikpinlè, Kpoulou àti Massè ká. Baálé ilé ń lọ sí ìjọ Àgùdà. Àbúrò rẹ̀ ń kírun. Ìyàwó àbúrò kejì wà nínú ìjọ aláṣọ funfun. Ìyá àgbà, tí ó bí àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò fi òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Agbo ilé kan ni, omi inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń mu. Nítorí náà ọdún inú ilé yìí kì í tán bọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́, iṣẹ́ ìjọba dúró ní gbogbo orílẹ̀-èdè Benin. Ọjọ́ kejì ni àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ń rántí àwọn òkú wọn. Kí ọjọ́ méjèèjì tó pé, ẹbí ti gbé àdá àti ọkọ́, wọ́n ti ro ojú oórì, wọ́n ti gbá a, wọ́n ti tan àbẹ́là. Àbúrò tí ń kírun náà wà níbẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ni ó sùn sábẹ́ ilẹ̀ yẹn. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ẹ̀sìn rẹ̀ kí ó tó gé koríko. Lẹ́yìn èyí ni Kérésìmesì, tí àwọn ọmọdé ń pè ní Nowẹ́lì. Ìyàwó aláṣọ funfun lè fẹ́ lọ sí etí òkun ní Sèmè, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ ti ń ṣe àìsùn Kérésìmesì. Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ni Samuel Oschoffa ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní 1947, ibẹ̀ kò sì jìnnà púpọ̀. Àwọn mìíràn nínú wọn máa ń gba Kétou kọjá lọ sí Imeko ní ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí a sin Oschoffa sí. Bí ọdún tuntun bá sì ti wọlé, oṣù kìíní ni ti ìyá àgbà: ọdún àwọn ẹ̀sìn ìbílẹ̀, tí òfin ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Benin láti 1997.

Gbogbo èyí dára. Ìdílé tí ó lè ṣe ọdún mẹ́ta láìjà ti borí ohun púpọ̀ tí ó ń da ayé rú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọdún yìí tí ó ti ń bọ́ sọnù, òmíràn sì ti gba ipò rẹ̀. Èyí tí ó ń bọ́ sọnù ni iṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ ṣe fún ọmọnìkejì láìgba owó. Èyí tí ó gba ipò rẹ̀ ni ìnáwó.

Ibi tí owó ọdún ti ń wá kò farasin. Oṣù kejìlá ni wọ́n ń kórè àgbàdo àrọ̀kúrò, oṣù kejìlá náà sì ni Kérésìmesì. Àgbàdo kúnlẹ̀ ní ọjà, iye rẹ̀ wálẹ̀, gbogbo ènìyàn sì fẹ́ tà nítorí pé gbogbo ènìyàn fẹ́ ra aṣọ. Ẹ fi èyí ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kan ta àpò àgbàdo 5 ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, àpò kan ní 15.000 fránkì. Ó gba 75.000. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, tí àgbàdo tuntun ṣì kéré lóko, tí aká sì ti ṣófo, àpò kan ti di 25.000 fránkì. Owó 75.000 kò lè ra ju àpò 3 lọ mọ́. Àpò méjì ti lọ. Iye owó máa ń yàtọ̀ láti ọdún dé ọdún, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ń ta àgbàdo ní ọjà Ikpinlè mọ ìṣírò yìí láìfi bírò kàn án. Aṣọ tí a fi àpò méjì náà rà ti kéré fún ọmọ kí oṣù karùn-ún tó dé.

Ní ayé àwọn bàbá ńlá, ọ̀nà méjì ni àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ń gbà ran ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ni àáró. Àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra yóò kó ara wọn jọ, wọn yóò ṣiṣẹ́ ní oko ẹnì kan lónìí, ní oko ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Gbèsè ni àáró jẹ́: ẹni tí a bá ṣe tirẹ̀ gbọ́dọ̀ san án. Èkejì ni ọ̀wẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá bò mọ́lẹ̀, tí ó fẹ́ kọ́ ilé, tí ó fẹ́ ṣán igbó, tàbí tí àìsàn mú ní ìgbà ìkórè, yóò bẹ àwọn ará àti ọ̀rẹ́ ní ọ̀wẹ̀. Wọn yóò wá ní ọjọ́ tí ó dá, wọn yóò ṣe é, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò lọ. Kò sí ẹni tí yóò kọ orúkọ ẹni tí ó jẹ gbèsè sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Fadipe, ọmọ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àṣà àwọn ènìyàn rẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa àṣà wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1970, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn Fọ̀n náà ní tiwọn, tí wọ́n ń pè ní dónkpè. Kò sí ìlú kan ní gúúsù Benin tí ó lè sọ pé ilẹ̀ òkèèrè ni òun ti kọ́ iṣẹ́ ìfara-ẹni-jìn.

Àgbà Adja-Ouèrè kò nílò ìwé láti mọ èyí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n mọ́. Lónìí, bí oko bá ju agbára ẹni lọ, alágbàṣe ni wọ́n ń wá. Ẹni tí ó lówó yóò san án. Ẹni tí kò ní, bí opó tí ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọnu, yóò máa dá kórè díẹ̀díẹ̀. Oko tí ẹnì kan yóò fi ọjọ́ 12 kórè, ènìyàn 12 yóò parí rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ àárẹ̀. Eku, ẹyẹ àti kòkòrò kì í dúró di ọjọ́ kejìlá. Iná igbó kò sì ń dúró rárá. Nígbà ọyẹ́, iná tí ọdẹ kan fi lé ẹran jáde lè wọ oko àgbàdo tí a kò tí ì kórè, kí ilẹ̀ tó ṣú kò ní sí ohun tí a ó gbé wọlé.

Níbí ni àwọn ìdílé Adja-Ouèrè ti lè yí ọdún wọn padà. Láàárín ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ àti Kérésìmesì, ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹnì kan tí ó mọ̀: opó, aláìsàn, arúgbó, aboyún tí ọkọ rẹ̀ wà lájò. Kí ọjọ́ kejì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn: kí wọ́n ṣán ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sí ilé ìwé, kí wọ́n ro àyíká kànga, kí wọ́n gé koríko yí aká abúlé ká kí iná má baà rí ọ̀nà kọjá. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ lọ. Ẹbí tí ó ti gbé àdá lọ sí ojú oórì ní ìparí oṣù kẹwàá kàn ní láti gbé àdá kan náà rìn síwájú díẹ̀, sí oko ẹni tí ó ṣì wà láàyè.

Ọjọ́ 5 oṣù kejìlá bọ́ sí àárín àkókò yìí. Ọjọ́ yẹn ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn ní 1985 láti fi bu ọlá fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ láìgba owó ní gbogbo ayé. Ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n máa ń fi ọjọ́ náà ṣe ìpàdé. Ní abúlé, ọjọ́ ìkórè ni. Ẹni tí ó bá ń wá ọjọ́ tí yóò bẹ ọ̀wẹ̀ lè yan èyí, bí kò bá ṣáà ti ko ọjọ́ ọjà.

Ohun kan ni kí gbogbo ènìyàn yẹra fún. Kí ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe olóyè, aṣojú ìjọba tàbí olórí ìjọ, má ṣe sọ ọ̀wẹ̀ di dandan. Ìgbèríko yìí ní ìdí láti kórìíra iṣẹ́ dandan. Ní ayé àwọn Faransé, wọ́n ń mú àwọn ènìyàn lọ la ọ̀nà láìsan kọ́bọ̀, wọ́n ń gba owó orí, wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe sójà. Ní 1914 àti 1915, àwọn Ọ̀họ̀rí dìde ogun sí wọn nítorí irú ìnilára bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin tí a fi orúkọ Houphouët-Boigny pè fòpin sí iṣẹ́ ipá ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti lọ gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn bàbá wọn. Bí ẹnì kan bá dé lónìí tí ó ní kí gbogbo ènìyàn jáde wá gbálẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò san owó ìtanràn, ìrántí yẹn ni yóò jí.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti gba ọ̀nà dandan. Ní Rwanda, ọjọ́ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù ni gbogbo àgbàlagbà ń jáde fún iṣẹ́ ìlú tí wọ́n ń pè ní umuganda, òfin sì ni ó ni kí wọ́n jáde. Ìgboro wọn mọ́, ẹnikẹ́ni tí ó débẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi sé ojú ọ̀nà mọ́ ènìyàn ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù kí oníkálukú lè tún àyíká rẹ̀ ṣe. Ilé ẹjọ́ bá ìfòfindè ìrìnnà náà wí, ìjọba ìpínlẹ̀ sì fòpin sí i ní 2016. Ohun tí ọlọ́pàá ń ṣọ́ kì í pẹ́ di ohun tí ènìyàn ń sá fún. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, nítorí pé bíbẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ẹni tí kò bá lè wá yóò ránṣẹ́. Ẹni tí kò wá, tí kò sì ránṣẹ́, yóò rí i ní ọjọ́ tí òun náà bá bẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kò yẹ kí ọ̀wẹ̀ di àwáwí fún ìjọba. Kànga tí ó bàjẹ́, afárá tí omi gbé lọ, ilé ìwé tí kò ní òrùlé, iṣẹ́ owó orí ni ìwọ̀nyí. Àdá abúlé lè gé koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Kò lè rọ afárá.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n ń gbà ṣe oore ní oṣù kejìlá, òun ni igi Nowẹ́lì. Ẹgbẹ́ kan tàbí olówó kan yóò ti ìlú ńlá dé pẹ̀lú bèbí oníke, bọ́ọ̀lù àti súwíìtì. Wọn yóò to àwọn ọmọ sórí ìlà, wọn yóò ya fọ́tò, wọn yóò lọ kí oòrùn tó wọ̀. Inú àwọn ọmọ máa ń dùn, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi ayọ̀ ọmọdé dù ú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń rí kọ́ lórí ìlà yẹn ni pé ènìyàn kan ń fúnni, ènìyàn kejì ń tẹ́wọ́ gbà, ẹni tí ń tẹ́wọ́ gbà sì ni òun. Ọmọ kan náà, tí ó bá tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko opó, tí ó gbé agbọ̀n àgbàdo kékeré kan lórí, tí ìyá arúgbó náà sì kí i pẹ̀lú oríkì rẹ̀, ti mọ̀ pé òun náà ní ohun tí òun lè fúnni. Ọmọ ọdún méje lè gbé agbọ̀n. Kò tí ì sí olóṣèlú tí ó lè ya fọ́tò èyí kó fi polongo.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni ó le jù nínú ọ̀wẹ̀, àwọn ọkùnrin tí ń yin àṣà yìí kì í sì í fẹ́ dé ibẹ̀. Nígbà tí ogún ọkùnrin bá wà lóko, ta ni ó ń se oúnjẹ wọn? Ta ni ó jí ní ìdájí láti pọn omi, láti wá igi, láti lọ ata? Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò bẹ ọ̀wẹ̀ mọ́ nítorí pé oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ti di àsè: ẹran, ọtí, ìrẹsì. Owó rẹ̀ súnmọ́ owó alágbàṣe. Bí ó bá jẹ́ opó ni ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́, àsè náà yóò jẹ àgbàdo tí a bá a kó wọlé tán. Nítorí náà kí àwọn tí ń bọ̀ gbé oúnjẹ tiwọn dání, kí olúkúlùkù mú ẹ̀kọ tàbí gàrí tirẹ̀ wá, kí ẹni tí a ṣe ọ̀wẹ̀ fún fi omi tútù àti ọbẹ̀ díẹ̀ tì í lẹ́yìn. Kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin la igi, kí wọ́n pọn omi kí wọ́n tó lọ sóko. Ó sì yẹ kí a rántí pé àwọn obìnrin gan-an kò tí ì jẹ́ kí ọ̀wẹ̀ kú. Níbi tí wọ́n ti ń ha ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń yan gàrí, tí wọ́n ń po epo pupa, wọ́n ṣì ń ṣe é fún ara wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, láìpè é ní orúkọ ńlá kankan.

Ẹni tí ń wa zémidjan lè sọ pé ọjọ́ kan láìṣiṣẹ́ jẹ́ ọjọ́ kan láìjẹun. Òótọ́ ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ rere nìkan dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó wo ìnáwó ọdún rẹ̀. Aṣọ ọdún ọmọ kan ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ju èrè ọjọ́ kan lọ. Ó lè ra aṣọ kan tí ọmọ yóò wọ̀ lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú, dípò èyí tí yóò tàn yanran ní ọjọ́ kan. Ó lè fi alùpùpù rẹ̀ kó àpò àgbàdo opó wọlé ní òwúrọ̀ kan, kí ó sì ti padà sí ojú ọ̀nà kí oòrùn tó kan àtàrí. Wákàtí mẹ́rin ni. Ohun tí ó ní ni ó fi ṣe ọ̀wẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní àdá ti ń fi àdá ṣe é.

Àwọn ọmọdé pàápàá ti ní tiwọn. Ní oṣù kejìlá, ní gúúsù Benin, wọ́n máa ń ṣe Kálétà. Wọn yóò gbé ìbòjú wọ̀, ọ̀kan yóò máa jó, àwọn yòókù yóò máa lu agolo àti ìlù, wọn yóò lọ láti ojúlé dé ojúlé títí wọn yóò fi rí ẹyọ owó díẹ̀ gbà. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà dé Ouidah ni wọ́n mú eré náà wá. Àwọn àgbà kan ń bínú sí i, wọ́n ní ṣíṣagbe ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà pátápátá. Ọmọ tí ó kọ́ ijó, tí ó rán ìbòjú, tí ó pín owó dọ́gba pẹ̀lú ẹni tí ó lu agolo, ti ń ṣe àáró láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ Kálétà kan bá jó ní àgbàlá arúgbó tí kò ní kọ́bọ̀, tí wọ́n sì bá a gbá àgbàlá náà kí wọ́n tó kúrò, ta ni yóò tún pè wọ́n ní alágbe?

Ó ku àwọn ọmọ ilé tí ó wà ní ẹ̀yìn odi. Láti Kútọnu, Àjàṣẹ́, Èkó àti ibi tí ó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa ń dé ní ọjọ́ 23 tàbí 24 oṣù kejìlá. Owó ni wọ́n ń mú bọ̀, ilé sì ń retí owó náà, nítorí náà ẹni tí kò rí owó mú bọ̀ kò ní wá rárá. Èyí ni ó burú jù nínú ọdún olówó: ó ń lé ọmọ aláìní kúrò ní ilé bàbá rẹ̀. Bí ìdílé bá lè ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ wọ̀nyí láti oṣù kọkànlá pé òwúrọ̀ ọjọ́ 26, lẹ́yìn Kérésìmesì, ni wọn yóò tún òrùlé ìyá àgbà ṣe, tí wọn yóò sì bá opó ẹ̀gbẹ́ ilé bó àgbàdo rẹ̀, ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo yóò ní ìdí láti wọ ọkọ̀. Àdá ti wà nílé, kò pọn dandan kí ó ra òmíràn bọ̀ láti Kútọnu.